Ọmọ mi ní ká jọ lọ wo Avengers, èmi tí mo máa ń sùn nídìí fíìmù

Ìbéèrè mẹ́rin ni mo mú lọ́tẹ̀ yìí, ọ̀rọ̀ fíìmù Marvel ni gbogbo wọn, ìyẹn ilé-iṣẹ́ Amẹ́ríkà tó ń ṣe fíìmù àwọn alágbára. Ti bàbá wa tó wà n'Ìbàdàn ni mo fi ṣíwájú, ó sì máa gùn díẹ̀, torí ọ̀rọ̀ ẹ̀ wọ̀ mí lára gan-an ni.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Wẹ́dà ni mí, Ìbàdàn ni mò ń gbé, mo ti pé ọdún 53, ọmọ mẹ́ta ni mo bí. Ká sọ tòótọ́, èmi àti fíìmù ò mọwọ́ ara wa. Bàbá mi mú wa lọ wo fíìmù Ògúndé nígbà tí mo wà ní kékeré, ìyẹn nìkan ni mo rántí pé mo wò látìbẹ̀rẹ̀ dópin. Látìgbà yẹn, ẹ tan fíìmù sílẹ̀ báyìí, kó tó tó ogún ìṣẹ́jú mo ti ń hanrun, ìyàwó mi ò tiẹ̀ jí mi mọ́. Àbíkẹ́yìn mi wá jẹ́ ọmọ ọdún 14, ọ̀rọ̀ Marvel ló ń jẹ òun ló ń mu. Lọ́jọ́ kan ó wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù, ó ní, "Dádì, Avengers tuntun ń jáde ní December, ẹ jẹ́ ká jọ lọ wò ó ní sinimá, èmi àtẹ̀yin nìkan." Ọmọ yìí kì í fi bẹ́ẹ̀ bá mi sọ̀rọ̀ tẹ́lẹ̀ o, "ẹ káàárọ̀ sà" àti "ẹ fún mi lówó" náà ni. Mo ní kò burú. Ìgbà tí mo wá bi í pé fíìmù mélòó ni kí n kọ́kọ́ wò kó tó lè yé mi, ó ní wọ́n ti lé ní 35. Ara mi kú. Mi ò fẹ́ já a kulẹ̀, mi ò sì fẹ́ fi odindi ọdún kan wo ọkùnrin tó ń fò kiri lójú ọ̀run. Ṣé mo lè wo díẹ̀ kó sì yé mi? Ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀? Ṣé ó tiẹ̀ yẹ kí àgbà máa wo irú nǹkan báyìí?

ÌDÁHÙN: Bàbá wa, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ o. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ mú èyí tẹ́ ẹ fi kádìí ẹ̀, torí tíyẹn ò bá tíì yanjú lọ́kàn yín, ẹ ò ní lè fara balẹ̀ wo ìkankan.

Ó yẹ kí àgbà wò ó. Ṣé ẹ ka Fágúnwà nílé-ìwé? Ṣé ẹ rántí àwọn ọdẹ tí ọba rán lọ sí Òkè Láńgbòdó? Kàkó tòun ti kùmọ̀ ẹ̀, Olóhùn-iyọ̀ tí orin ẹ̀ ń mú inú dùn, Ìmọ̀dòye ọlọ́gbọ́n, Èfòìyẹ̀ tafàtafà, Ẹlẹ́gbẹ̀dẹ tó gbọ́ èdè ẹranko. Kò sí èyí tó lè dá ìrìn àjò yẹn rìn nínú wọn, ibi tí agbára ẹnì kan bá ti tán ni tẹnì kejì ti ń bẹ̀rẹ̀. Nǹkan tí Avengers jẹ́ nìyẹn. Ọ̀kan wọ ẹ̀wù irin, ọ̀kan jẹ́ sójà tó ti ja ogun Hitler, ọ̀kan ń fi òòlù pe àrá, ọ̀kan ń ta ọfà, wọ́n kó wọn jọ torí iṣẹ́ kan tó ju agbára ẹnikẹ́ni nínú wọn lọ. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ sì ti wo fíìmù Ògúndé tójú yín là kedere, tẹ́ ẹ ti rí bí àwọn èèyàn ṣe ń fi ògèdè yí padà níbẹ̀, kí ni ọkùnrin aláwọ̀ ewé tó ń fọ́ mọ́tò fẹ́ fi dẹ́rù bà yín?

Ti 35 yẹn, ẹ yọ ọ́ kúrò lọ́kàn. Méje ni màá ní kẹ́ ẹ wò. Èyí tó kù, ọmọ yín ló máa sọ wọ́n fún yín, màá padà sórí ìyẹn.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tójú mi rí kẹ́ ẹ lè mọ ìdí tí mi ò fi ní kẹ́ ẹ kàn wọ sinimá lọ ní December láìwo nǹkan kan tẹ́lẹ̀. Lọ́dún 2018, àbúrò mi fà mí lọ wo Infinity War, ọ̀kan nínú àwọn fíìmù Avengers, mi ò wo ìkankan rí ṣáájú ẹ̀. Àwọn èèyàn kàn ń yọjú lọ́kọ̀ọ̀kan nínú eré náà, bí ẹnì kan bá ti yọ, gbogbo sinimá á hó yèè, èmi á wòtún wòsì. Nígbà tó kù díẹ̀ kó parí, nǹkan kan ṣẹlẹ̀, mi ò ní sọ ọ́ torí yín, ibẹ̀ wá pa lọ́lọ́. Ọmọkùnrin kan jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó ti bu gúgúrú sọ́wọ́ ó fẹ́ jù ú sẹ́nu, ọwọ́ yẹn dúró sókè bẹ́ẹ̀, kò jẹ ẹ́, kò sì dá a padà, ọwọ́ kejì ló ń fi fa kọ́là ẹ̀wù ẹ̀ nu ojú. Mo mọ̀ pé nǹkan ńlá ló ń ṣẹlẹ̀ àmọ́ mi ò mọ ẹni tó ṣẹlẹ̀ sí, mo jókòó sáàárín àwọn tó ń ṣọ̀fọ̀ bí àlejò tí kò mọ òkú. Ó dùn mí gan-an. Mo délé, mo lọ wá ti 2008 jáde, mo bẹ̀rẹ̀ látibẹ̀, nígbà tí Endgame tó parí ìtàn Infinity War máa fi jáde lọ́dún tó tẹ̀ lé e, mo ti mọ gbogbo wọn bí ẹni mọ ará àdúgbò.

Èyí tẹ́ ẹ máa fi ṣí i ni Iron Man, ti 2008 yẹn. Torí pé wẹ́dà ni yín ni mo ṣe ń fi gbogbo ẹnu sọ ọ́. Ọkùnrin olówó kan wà tó ń jẹ́ Tony Stark, ohun ìjà ogun ló ń rọ tà. Wọ́n jí i gbé ní Afghanistan, wọ́n fi í sínú ihò àpáta, èérún irin bọ́ǹbù ti wọ̀ ọ́ láyà, mágnẹ́ẹ̀tì ni wọ́n fi ń fà á kó má bàa dé ọkàn ẹ̀. Wọ́n ní kó kọ́ mísáìlì fáwọn. Òun àti bàbá kan tó ń jẹ́ Yinsen tí wọ́n jọ wà níbẹ̀ bá ń tú irinṣẹ́ ogun palẹ̀, wọ́n ń yọ́ irin, wọ́n ń lù ú, wọ́n ń jó o pọ̀, àwọn tó ń ṣọ́ wọn rò pé mísáìlì ni, àṣé ẹ̀wù irin tó máa wọ̀ sá jáde ló ń kọ́. Ẹ̀wù yẹn ò dán o. Ó rí wúruwùru, ojú ibi tí wọ́n ti jó irin pọ̀ hàn síta kedere, ẹ máa wò ó ẹ máa mọ̀ pé ẹni tó ṣe é ò ní irinṣẹ́ tó dáa, kò sì ráyè. Kò sí ẹlòmíì nínú ilé yín tó lè wo apá ibẹ̀ yẹn bẹ́ ẹ ṣe máa wò ó. Ẹ dá a dúró, ẹ sọ fún ọmọ yín pé irú irin báyìí, báyìí là ń ṣe é, èyí tí wọ́n ṣe níbí yìí ò lè di láéláé, èyí sì lè di. Mo fẹ́ kẹ́ ẹ rí ojú ọmọ yẹn lọ́jọ́ náà. Ó ti wo fíìmù yẹn bóyá ẹ̀ẹ̀mẹwàá, kò sẹ́ni tó sọ ìyẹn fún un rí.

Ẹni tó ṣe Tony Stark, Robert Downey Jr. lorúkọ ẹ̀, oògùn olóró ti ba ayé ẹ̀ jẹ́ tẹ́lẹ̀, ó ti ṣẹ̀wọ̀n, àwọn tó ń ṣe fíìmù ń sá fún un. Jon Favreau tó jẹ́ dárẹ́kítọ̀ ló ta kú pé òun lòun fẹ́. Marvel alára ò sì rí já jẹ nígbà yẹn, wọ́n ti ta ẹ̀tọ́ fíìmù Spider-Man fún Sony, wọ́n ta ti X-Men fún Fox, àwọn tó ṣẹ́ kù sí wọn lọ́wọ́ ni wọ́n fi dógò lọ́dún 2005 kí wọ́n tó lè rí mílíọ̀nù 525 dọ́là yá. Iron Man ni wọ́n kọ́kọ́ fi owó yẹn gbé jáde pẹ̀lú Hulk lọ́dún kan náà. Ká ní ọjà yẹn kú sí wọn lọ́wọ́ ni, wọn ò bá ti pàdánù gbogbo ẹ̀. Ọdún tó tẹ̀ lé e, 2009, Disney ní àwọn máa ra ilé-iṣẹ́ náà ní bílíọ̀nù 4 dọ́là. Tẹ́ ẹ bá ń wò ó, ẹ rántí pé ẹni tí gbogbo ayé ti pa tì àti ilé-iṣẹ́ tó ti wọ gbèsè ló jọ ń ṣe nǹkan yìí, ẹ máa rí i lójú Downey, ó ń ṣe é bí ẹni tí wọ́n yọ nínú kànga.

Lẹ́yìn ẹ̀, ẹ fò kọjá lọ sí The Avengers ti 2012. Ibẹ̀ ni wọ́n ti pàdé ara wọn, wọ́n máa kọ́kọ́ bára wọn jà, ẹ má jẹ́ kíyẹn sú yín, ara eré ni. Èyí tó kàn ni Captain America: The Winter Soldier, ti 2014, tó bá ṣe èmi ni, ìyẹn ló dùn jù nínú àwọn ti ìbẹ̀rẹ̀, torí kò fi bẹ́ẹ̀ sí idán níbẹ̀, ọ̀rọ̀ ẹni tó rí i pé ìjọba tóun ń sìn ti jẹrà látinú wá ni, ẹ ò sì nílò kẹ́nikẹ́ni túmọ̀ ìyẹn fún yín. Civil War ti 2016 ló tẹ̀ lé e, àwọn ọ̀rẹ́ méjì dojú ìjà kọra wọn, àwọn méjèèjì ló sì jàre. Ìgbà náà lẹ máa wá wo Black Panther, lẹ́yìn náà Infinity War, méjèèjì jáde ní 2018, kẹ́ ẹ wá fi Endgame ti 2019 kádìí ẹ̀. Méje nìyẹn. Mo ro ó pọ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó wákàtí 17, tẹ́ ẹ bá ń wo ọ̀kan lọ́sẹ̀ kan, kò ní pé oṣù méjì.

Ẹ máa ríbi tí kò ní yé yín. Níbo ni Spider-Man ti wá? Ta lọmọbìnrin tójú ẹ̀ ń pọ́n yìí? Kí ló gbé Thor olóòlù dé ibẹ̀ tí irun orí ẹ̀ sì ti wá kúrú? Àwọn àlàfo yẹn gan-an ni mo mọ̀ọ́mọ̀ fi sílẹ̀. Ẹ bi ọmọ yín. Ọmọ ọdún 14 tí kì í bá yín sọ̀rọ̀ máa jókòó tì yín, á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé, á fi ọwọ́ júwe, á ní "Dádì, ẹ gbọ́ ná," ó lè gbà tó ogún ìṣẹ́jú kẹ́ ẹ tó padà sórí eré. Ẹ má kán an lójú. Òun ló ń fà yín wọ ilé ẹ̀ yẹn, ó ti ń wá ẹni tó máa bá a débẹ̀ ó pẹ́. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi fẹ́ kẹ́ ẹ dá lọ wo gbogbo ẹ̀ ní kọ̀rọ̀ kẹ́ ẹ tó wá jókòó pẹ̀lú ẹ̀, tẹ́ ẹ bá ti mọ gbogbo ẹ̀ tán, kí ló kù tó máa sọ?

Ní ti oorun, ẹ má wò ó lálẹ́ lẹ́yìn iṣẹ́, ẹni tó ti fi ojú wo iná wẹ́dà látàárọ̀ ò lè dúró. Ọ̀sán ọjọ́ ìsinmi ló dáa, kẹ́ ẹ má sì tíì jẹun yó bámú. Ẹ ní kó gbé ọ̀rọ̀ ìsàlẹ̀ ojú tíífì síta kẹ́ ẹ lè máa kà á, torí àwọn èèyàn yìí ń sáré sọ̀rọ̀, ibi tétí ò bá ti mú un ni oorun ti máa ń wọlé. Endgame lé ní wákàtí mẹ́ta, ìṣẹ́jú 181, ẹ pín in sí méjì, ẹ wo ìdajì lónìí kẹ́ ẹ wo ìdajì lọ́la, kò sẹ́ni tó máa dá yín lẹ́jọ́. Tó bá jẹ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì lẹ ti máa wò ó, ẹ jẹ́ kó dáńlóòdù ẹ̀ sílẹ̀ ṣáájú, kí iná tó lọ kí dátà tó tán lójijì.

Èyí tó ń jáde ní December 2026 yẹn, Avengers: Doomsday lorúkọ tí wọ́n fún un. Downey tẹ́ ẹ máa rí nínú Iron Man ló ń padà bọ̀ níbẹ̀, àmọ́ ọ̀tá ló wá ń ṣe lọ́tẹ̀ yìí, Doctor Doom ni wọ́n pè é. Torí náà tẹ́ ẹ bá parí méje yẹn, ẹ fi Fantastic Four ti 2025 lé e, ó dá dúró, kò ní kẹ́ ẹ mọ nǹkan kan tẹ́lẹ̀, bàbá kan àti ìyá kan tó ń retí ọmọ ló sì dá lé, ẹ jókòó títí tí orúkọ àwọn òṣìṣẹ́ á fi bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè, ẹ máa rí nǹkan kan níbẹ̀.

Tẹ́ ẹ bá wo Iron Man àti èyí tó tẹ̀ lé e tí wọn ò wọ̀ yín lára, ẹ má fi tipátipá ṣe é. Ẹ sọ fún ọmọ yín bẹ́ẹ̀, ẹ ní "kò wọ̀ mí lára, àmọ́ mò ń bá ẹ lọ ní December." Ẹ sì lọ. Ẹ ra gúgúrú fún un. Tóorun bá gbé yín lọ níbẹ̀, ẹ jẹ́ kó jẹ́ pé ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ lẹ sùn sí.

ÌBÉÈRÈ: Akẹ́kọ̀ọ́ ni mí ní Òṣogbo. Ọ̀rẹ́ mi ní Èkó wà nínú fíìmù Marvel, mo ní irọ́ ni, a ti fẹ́rẹ̀ẹ́ jà sí i. Mi ò wo ìkankan nínú ẹ̀ o, mo máa ń rò pé kò kàn wá. Ṣé lóòótọ́ ni? Ṣé nǹkan kan wà níbẹ̀ tó jẹ́ tiwa?

ÌDÁHÙN: Ọ̀rẹ́ ẹ ló jàre. Civil War ti 2016 yẹn, Èkó ni ìjà ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn ọ̀tá wọ ilé ìwádìí àrùn kan ní Lagos láti jí kòkòrò àrùn gbé, àwọn Avengers lé wọn wọnú ọjà, bọ́ǹbù bú, ọmọbìnrin tó ń jẹ́ Wanda gbé iná náà sókè kó má bàa pa àwọn tó wà nísàlẹ̀, ló bá lọ bú mọ́ ilé gíga kan, àwọn èèyàn kú, àwọn ará Wakanda, ìlú àròsọ kan nílẹ̀ Áfíríkà, wà nínú wọn. Torí ẹ̀ ni orílẹ̀-èdè 117 fi fọwọ́ sí ìwé pé àwọn alágbára yìí ò gbọ́dọ̀ máa dá ṣe tinú wọn mọ́, ìwé yẹn ló sì tú wọn ká. Atlanta ní Amẹ́ríkà ni wọ́n ti yà á o, kì í ṣe Èkó, tó o bá wò ó dáadáa wàá mọ̀, ọjà yẹn ò kún tó ọjà wa.

Àmọ́ Black Panther ni màá ní kó o wò, kódà bó ò bá wo òmíì mọ́. Ìpínlẹ̀ Borno ló ti fẹ́rẹ̀ẹ́ bẹ̀rẹ̀. Wọ́n kọ ọ́ sójú tíífì gàdàgbà, Sambisa Forest, Nigeria. Ọkọ̀ ń kó àwọn obìnrin tí wọ́n jí gbé lọ lóru, orí wọn wà nínú híjáàbù, àwọn oníbọn sì wà pẹ̀lú wọn. Ọdún 2014 ni wọ́n kó àwọn ọmọbìnrin 276 ní Chibok, fíìmù yìí jáde ní February 2018, ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ yẹn ò tíì délé nígbà náà, ojú ń ro mí bí mo ṣe ń wò ó. Ọba Wakanda, T'Challa, òun ni Black Panther yẹn, já wọ àárín àwọn oníbọn yẹn, ó ti kù díẹ̀ kó pa ọ̀kan, ni obìnrin kan bá ké sí i pé kó dúró, ọmọdé nìyẹn, wọ́n jí òun náà gbé ni. Ọba náà wò ó, ó sì fi í sílẹ̀. Ìṣẹ́jú mélòó kan péré ni, wọn ò sọ̀rọ̀ púpọ̀ lé e lórí, àmọ́ ẹni tó kọ eré yẹn mọ̀ pé nínú àwọn tó gbé ìbọn lọ́hùn-ún, ọmọ ẹlòmíì wà níbẹ̀ tí wọ́n jí gbé.

Wá fetí sí ìlù ẹ̀. Ludwig Göransson tó ṣe orin fíìmù yẹn, ọmọ Sweden ni, ó gbéra lọ sí Senegal, ó bá olórin Baaba Maal rin ìrìn àjò, ibẹ̀ ló ti pàdé Massamba Diop tó ń lu tama. Tama yẹn, gángan kékeré ni, abẹ́ abíyá náà ni wọ́n ń há a sí, igi tó tẹ̀ lẹ́nu ni wọ́n fi ń lù ú, tí wọ́n bá fún awọ ẹ̀ mọ́ra ohùn ẹ̀ á lọ sókè, tí wọ́n bá tú u ohùn á rọ̀. Ìgbàkigbà tí T'Challa bá ń bọ̀, ìlù yẹn ni wàá kọ́kọ́ gbọ́, orúkọ ọba ló ń pè. Àwọn òyìnbó tá a jọ wò ó rò pé orin lásán ni. Ẹni tí wọ́n bí sílé onílù tàbí tó ti dúró ládùúgbò ààfin rí ò nílò kẹ́nikẹ́ni sọ fún un, wọ́n ń ki ọba ni. Ara mi bù máṣọ. Owó tó lé ní bílíọ̀nù kan dọ́là ni fíìmù yẹn pa káàkiri ayé, ibi gbogbo tó sì dé, ìlù tó ń sọ̀rọ̀ ló ṣáájú ẹ̀ wọlé.

Èdè tí wọ́n ń sọ, Xhosa ti South Africa ni, torí John Kani tó ṣe bàbá ọba ló kọ́kọ́ mú un wọnú ẹ̀, èdè abínibí ẹ̀ ni. Aṣọ Zuri tó jẹ́ àgbà ìlú jọ agbádá wa gan-an. Ruth Carter tó rán àwọn aṣọ yẹn gba Oscar lé e, òun ni obìnrin aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tó gba tiẹ̀ ní ti aṣọ. Tó o bá sì fẹ́ orúkọ Yorùbá, wo Thor: The Dark World ti 2013, Adewale Akinnuoye-Agbaje ló ṣe ọ̀tá ńlá tó ń jẹ́ Kurse níbẹ̀, London ni wọ́n bí i sí, Yorùbá làwọn òbí ẹ̀.

Chadwick Boseman tó ṣe T'Challa kú ní 28 August 2020, jẹjẹrẹ ìfun ló pa á, ọmọ ọdún 43 péré ni. Ó ti ń gba ìtọ́jú ẹ̀ nígbà tó ń ya Black Panther, kò sì jẹ́ kí aráyé mọ̀. Nígbà tí wọ́n máa ṣe apá kejì, wọn ò fi ẹlòmíì rọ́pò ẹ̀, ìsìnkú ọba ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ eré, gbogbo ìlú wọ funfun, wọ́n ń lu ìlù wọ́n ń jó tẹ̀ lé pósí. Èkó ni wọ́n ti ṣe àfihàn àkọ́kọ́ tilẹ̀ Áfíríkà ní November 2022, dárẹ́kítọ̀ ẹ̀ Ryan Coogler wá, Lupita Nyong'o wá. Tems tiwa wà lára àwọn tó kọ orin tí Rihanna kọ síbẹ̀. Ó kàn wá o, àbúrò mi. Lọ bẹ ọ̀rẹ́ ẹ.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ jọ̀ọ́ mà, ìyá ọmọ ni mí l'Abẹ́òkúta, onígbàgbọ́ ni mí. Ọmọ mi ọdún mẹ́sàn-án ń pariwo Thor kiri ilé, wọ́n ní òrìṣà ni. Ẹ̀rù ń bà mí. Ṣé kí n jẹ́ kó máa wò ó?

ÌDÁHÙN: Mà, ẹ̀rù yín ò burú. Thor, òrìṣà àrá àwọn ará Norway, Sweden, Denmark àti Iceland ni láyé àtijọ́ kí wọ́n tó di Kristẹni, òun ni wọ́n fi sọ Thursday lórúkọ. Tiwọn ní òòlù lọ́wọ́, bí Ṣàngó tiwa ṣe ní oṣé. Àmọ́ inú fíìmù yìí, ẹnikẹ́ni ò bọ ọ́, ẹnikẹ́ni ò gbàdúrà sí i, ọmọ ọba tó gbéra ga ni, bàbá ẹ̀ gba agbára ẹ̀ lé e jáde nílé títí tó fi gbọ́n. Inú Avengers ti 2012, nígbà tí wọ́n sọ fún Captain America pé irú òrìṣà bẹ́ẹ̀ làwọn yìí, ó fèsì pé Ọlọ́run kan ṣoṣo lòun mọ̀. Ẹ jẹ́ kọ́mọ gbọ́ ibẹ̀ yẹn. Ọ̀rọ̀ Ṣàngó sì máa jáde lẹ́nu ẹ̀ lọ́jọ́ kan, á bi yín, ẹ má lé e dànù, ẹ sọ ìtàn Aláàfin tó di òrìṣà fún un, wọ́n ń bọ ọ́ l'Ọ̀yọ́ títí dòní, wọ́n ń bọ ọ́ ní Brazil àti Cuba, ó dáa kó gbọ́ ọ lẹ́nu ìyá ẹ̀.

Ohun tí màá tìtorí ẹ̀ ṣọ́ra tó bá jẹ́ ọmọ mi ni àwọn wọ̀nyí. Ìjà pọ̀ nínú gbogbo ẹ̀, Amẹ́ríkà alára ní kí òbí ọmọ tí ò tíì pé 13 fojú sí i, ọmọ yín sì jẹ́ mẹ́sàn-án, torí náà ẹ jókòó tì í. Ẹ má jẹ́ kó wo Doctor Strange apá kejì, ti 2022, òkú ń dìde níbẹ̀, àjẹ́ ń lé èèyàn kiri nínú òkùnkùn, àgbà gan-an ò ní sùn dáadáa. Deadpool ńkọ́? Rárá o, àgbàlagbà nìkan ni wọ́n ṣe é fún, èébú àti ẹ̀jẹ̀ ló kún ibẹ̀, bẹ́ẹ̀ aṣọ pupa ẹ̀ jọ tọmọdé, ìyẹn ló ń tan àwọn òbí jẹ.

ÌBÉÈRÈ: London ni mo wà, nọ́ọ̀sì ni mí, iṣẹ́ òru ni mò ń ṣe, mo ti pinnu láti wo gbogbo ẹ̀ pátá. Ẹnì kan ní kí n tò ó bí ìtàn ṣe ṣẹlẹ̀, ẹlòmíì ní bó ṣe jáde. Èwo ni kí n tẹ̀ lé?

ÌDÁHÙN: Bó ṣe jáde ni o. Tẹ́ ẹ bá ní ẹ fẹ́ tò ó bí ìtàn ṣe ṣẹlẹ̀, Captain America ti ogun 1940s lẹ máa fi bẹ̀rẹ̀, Captain Marvel lẹ máa wò tẹ̀ lé e torí ọdún 1995 ni ìtàn tiẹ̀, bẹ́ẹ̀ ọdún 2019 ni wọ́n gbé e jáde, kò tó oṣù méjì ṣáájú Endgame, ohun tí wọ́n fi sí ìparí ẹ̀ sì ti máa tú àṣírí nǹkan tẹ́ ẹ ò tíì dé rárá. Ẹ bẹ̀rẹ̀ látorí Iron Man. Tí ẹ bá sì dé ìparí ẹ̀, ẹ má tíì pa á, ẹ jẹ́ kí gbogbo orúkọ yẹn gòkè tán pátápátá. Nick Fury, ìyẹn Samuel L. Jackson, ń dúró de Tony Stark nínú òkùnkùn pálọ̀ ẹ̀, ọ̀rọ̀ tó bá a sọ níbẹ̀ ò tó ìṣẹ́jú kan, òun ló sì bí gbogbo àwọn tó kù.